Ọdún Tí Bàbá Mi Kan Agídìgbo Fún Mi

Ní àgbàlá wa ní Ajah, etí la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ á máa há yanrìn wàá, wàá. Ẹ̀rọ ìlọta á kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ wá ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ á kóra jọ sídìí kànga, wọ́n á máa bọ́jú, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó bá pẹ́ jí láàárín wọn á sì gbọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni èyí tí èmi ń dúró dè á wá dé: Ìyá Àgbà ń rin ewùrà lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìkókoré la máa jẹ, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, Sìdí àti Tósìn, á fi yọ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Orin ti gbé mi jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n n ò tíì rí oúnjẹ tí òórùn rẹ̀ ń jí ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá méjì tí a gbà: Ìyá Àgbà, bàbá mi, ìyá mi tó ń ránṣọ, àti èmi, ọmọ kan ṣoṣo. Abúlé kan létí ọ̀sà, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ni Ìyá Àgbà ti wá, èdè Ìjẹ̀bú kò sì kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú. Bí àwa bá ní “O ti jẹun?” “Wo ti jẹun?” ni tiwọn. Sìdí máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan Ìyá Àgbà gbé ṣíbí ìrokà sókè, wọ́n wò ó lójú, wọ́n ní, “Ẹnu tó bá ń fi èdè mi rẹ́rìn-ín, kó má fi ìkókoré mi yó o.” Ẹ̀rín tán lójú Sìdí. Ó kúnlẹ̀, ó ní “Ẹ máà bínú, mà,” kíá ló sì na àwo.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́dún yẹn, n kò sì mọ̀ pé orin ni mò ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí Ìyá Àgbà bá ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìdáná ni o, ẹ̀yìnkùlé ni o, orin kan wà tí wọ́n máa ń rọra kọ, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀sán kan mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo da agolo mílíìkì mẹ́ta dé, mo ń fi àtàǹpàkò lu ìdí wọn. Ìyá Àgbà dá ọwọ́ dúró.

“Àbẹ̀ní, níbo lo ti gbọ́ èyí?”

“Ẹnu yín ni, Ìyá Àgbà.”

Wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n mú ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n yẹ àtàǹpàkò mi wò bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yẹ ẹja wò lọ́jà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé alágídìgbo ni bàbá bàbá mi, Àjàyí, tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ya agídìgbo sí afẹ́fẹ́ fún mi: àpótí pákó tí a ń gbé lé itan, tó ní ihò láyà, tí irin pẹlẹbẹ márùn-ún tò sórí ihò náà, àtàǹpàkò la fi ń ta irin, ìka yòókù á máa kan àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orin tí mò ń lu sórí agolo, wọ́n ní Orin Àjàyí ni gbogbo abúlé ń pè é, kò sì sí ọmọ abúlé tí kò tíì jó sí i.

Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́. Káfíńtà ni bàbá mi, àwọn ló ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí ní àwọn ilé tó ń dìde ní VGC, àdúgbò olówó tó ní géètì ńlá, àti káàkiri. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á bu omi mu, wọ́n á sì jókòó láìsọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́, ni Ìyá Àgbà sọ ọ́.

“Bánkọ́lé, bá mi kan agídìgbo kan fún ọmọ yìí.”

Bàbá mi nu ọwọ́ wọn pẹ́. “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Agídìgbo ló gba bàbá mi lọ́wọ́ wa. Gbogbo ìlú ló yọ̀ sí i, ilé tiwa nìkan ni kì í yó. Ẹ̀yin lẹ yan ẹja, ẹ̀yin lẹ rán mi nílé ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kàwé.”

“Ọmọ tó ń kàwé kò ní ọwọ́ ni?”

Ìyá mi gbé ẹ̀bà wá, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àmọ́ ọdún yẹn náà ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú Ìyá Àgbà. Wọ́n á fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, wọ́n á tún fi sí i. Wọ́n á pè mí ní orúkọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Ìbàdàn, wọ́n á sì máa bá mi wí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí onítọ̀hún ṣẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn náà á bá wa rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n jáde lọ ra ẹja gbígbẹ lọ́jà Ajah, tí wọn kò padà. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn, èmi àti àwọn wá gbogbo ìsọ̀, Tósìn sáré lọ sí ọ̀nà Badore, Sìdí ń sunkún káàkiri. Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi, tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, rí Ìyá Àgbà níbi tí àwọn èrò ti ń wọkọ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, àpò ẹja wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń kọ orin náà. Ọkùnrin yẹn ti fún wọn lómi àti búrẹ́dì. Bàbá mi ní, “Ìyá mi, kí lẹ ń ṣe níbí?” Ìyá Àgbà ní, “Ọ̀nà ilé ló pa rẹ́ mọ́ mi lójú, Bánkọ́lé. Mo ní bí mo bá ń kọ èyí, n ò ní sọnù tán.”

Ẹnu bàbá mi fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ìyẹn, nígbà tí mo ti dàgbà. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo rí ni pé wọ́n di ìyá wọn lọ́wọ́ mú wọ inú àgbàlá, wọn kò sì jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, wọ́n gbé pákó pẹlẹbẹ mélòó kan wá sílé láti ibi iṣẹ́, èyí tó ṣẹ́kù tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa kó lọ, pẹ̀lú àwọn irin ayùn tí eyín wọn ti kú, tí àwọn tó ń tẹ irin fún wọn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n wọn pákó, wọ́n gé e, wọ́n fi bébà họ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán bí ojú àwo. Gbogbo àgbàlá kóra jọ ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n to irin náà tán, wọ́n fi àtàǹpàkò ta ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ jáde dún-ùn. Mo rí ojú bàbá mi bó ṣe yí padà. Wọ́n tètè gbé àpótí náà lé mi lọ́wọ́, bí ẹni pé iná ni wọ́n dì mú, wọ́n sì lọ wẹ̀.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ mi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò fọwọ́ kan agídìgbo rí. Ní abúlé Ìyá Àgbà, ọkùnrin nìkan ló ń lù ú, obìnrin ló ń se oúnjẹ tí àwọn alágídìgbo ń jẹ. Ìyá Àgbà á jókòó tì mí, wọ́n á kọ ìlà kan, èmi á wá a rí lórí irin. “Rárá. Tún un wá.” Èmi á tún un wá. Ibì kan wà láàárín orin náà tó le bí ojú ẹja. Ó ń lọ dáadáa, ó ń lọ dáadáa, lójijì á yà kúrò ní ọ̀nà tí etí rò pé ó ń gbà, kó tó tún padà wálé. Ibẹ̀ gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àtàǹpàkò mi bó, ó tún le. Ní ọjọ́ mìíràn Ìyá Àgbà náà á dé ibẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wo òfìfo. Èmi á gbé àtàǹpàkò lé irin, n ò ní ta á, títí á fi padà sẹ́nu wọn. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ó yé mi pé bí wọ́n bá gbàgbé kí n tó mọ̀ ọ́n, ó tán nìyẹn. Sìdí ń kọrin lé e, nítorí ohùn rẹ̀ dùn. Tósìn da ẹ̀wà sínú ike omi, ó sọ ọ́ di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń tan ara wọn ni bí wọ́n bá ní orin ló ń gbé wọn wá sílé wa.

Nígbà tí a wà lọ́lidé, ìyá mi ní kí èmi, Sìdí àti Tósìn gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi ní VGC. A gbé agídìgbo dání. Ní ẹnu géètì ńlá yẹn, mẹ́gáàdì na ọwọ́ dá wa dúró.

“Wetin dey inside box?”

“Agídìgbo ni, sà.”

“Agídi-kí-ni? Ṣí i kí n rí i.”

“Kò ṣeé ṣí, sà. A máa ń lù ú ni.”

“Oyá, lù ú.”

Mo jókòó sórí òkúta ẹnu géètì, mo gbé e lé itan. Mẹ́gáàdì kejì jáde látinú ilé kékeré wọn. Èjìká ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tó fẹ́ wọlé pẹ̀lú mọ́tò dúdú sọ gíláàsì kalẹ̀, a rò pé ó fẹ́ bínú, àṣé ó fẹ́ gbọ́ dáadáa ni. Bí a ṣe wọlé nìyẹn. Nígbà tí a dé sáìtì, ọkùnrin mẹ́gáàdì náà ló sìn wá débẹ̀, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo lù ú fún wọn lábẹ́ ilé tí kò tíì ní òrùlé, ohùn agídìgbo ń kọlu ògiri, ó ń padà wá. Bíríkìlà àgbàlagbà kan bi bàbá mi pé, “Bánkọ́lé, ọmọ ta rè é?” Bàbá mi mú ìṣó kúrò lẹ́nu. “Ọmọ mi ni,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo kan àpótí yẹn.” Àwọn òṣìṣẹ́ bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wa láti inú oúnjẹ tiwọn, Sìdí jẹ àwo méjì. Mo ti gba ìyìn ní gbọ̀ngàn kan ní Oníru, níbi tí àwọn tó wọ aṣọ olówó iyebíye ti dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn. Síbẹ̀, “Ọmọ mi ni” ọjọ́ náà ni mo ṣì ń gbọ́ létí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi fúnra wọn dá a lábàá pé ká gbé Ìyá Àgbà lọ sí abúlé, kí àwọn ọ̀rẹ́ Àjàyí gbọ́ ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Sìdí àti Tósìn ní àwọn ń bọ̀. Ìyá Àgbà se ìkókoré kún kúlà kan, wọ́n to ẹja yíyan sórí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbé wa gba ojú títì Ẹ̀pẹ́, a ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, ilé ń dínkù, igi àgbọn ń pọ̀ sí i. A sọ̀ kalẹ̀, a fẹsẹ̀ gba ọ̀nà yanrìn wọ abúlé, bàbá mi di ọwọ́ ìyá wọn mú, Sìdí ló gbé kúlà lẹ́yìn wa. A kò bi í léèrè ìdí tó fi ń rìn gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́.

Àwọn àgbà mẹ́rin ló ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ alágídìgbo. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn lábẹ́ àtíbàbà létí omi. Ìyá Àgbà ṣí kúlà láti fún wọn lóúnjẹ. Ìkókoré wà, ẹja ò sí. Gbogbo wa yíjú sí Sìdí, tí ètè rẹ̀ ń dán. Ìyá Àgbà de kúlà padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, bí ẹja náà ṣe rí ọ̀sà ló wẹ̀ padà sílé.” Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àmọ́ nígbà tí bàbá mi gbé agídìgbo jáde, tí wọ́n ní èmi ni mo fẹ́ lù ú, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Olórí wọn, Bàbá Súnmọ́nù, gbọn orí. “Bánkọ́lé, o káre, ọmọ dáadáa lo bí. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í lu agídìgbo lábẹ́ àtíbàbà yìí. Bí a ṣe bá a nìyẹn.” Mo wo Ìyá Àgbà. Wọn ò jà rárá. Wọ́n ní, “Kò burú. Kò ní lù ú. Ẹ̀yin ẹ lu Orin Àjàyí fún wa, ká gbọ́.”

Wọ́n gbé agídìgbo tiwọn, èyí tó tóbi, tó ti dúdú, ọ̀kan nínú wọn sì mú agogo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ibi tó ti ń yà yẹn, ọwọ́ Bàbá Súnmọ́nù kọsẹ̀. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún kọsẹ̀. Agogo dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ó tó ọdún mélòó kan tí ibẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́ wa. Àjàyí gbé e lọ.” Omi ń gbá èbúté. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí. Mo jókòó sílẹ̀ lórí yanrìn níta àtíbàbà, n kò wọ abẹ́ rẹ̀, mo gbé àpótí mi lé itan, mo sì mú orin náà láti ibi tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yà, ó padà wálé. Mo tún un lù. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, agogo wọlé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Tósìn tẹ̀lé e. Bàbá Súnmọ́nù wá tẹ àtàǹpàkò tiwọn mọ́ irin, wọ́n ń tẹ̀lé mi bí ọmọdé tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ́nà oko. Àwọn obìnrin jáde látẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ọwọ́ tútù, wọ́n ń jó. Bàbá mi dúró lẹ́yìn mi, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e, àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ agídìgbo rárá tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a parí, Bàbá Súnmọ́nù nu ojú. “Àjàyí ò tíì kú,” ni wọ́n wí. “Orí wo ló tún lè dá irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Orí Àjàyí nìkan ni.”

“Kì í ṣe Àjàyí,” ni Ìyá Àgbà wí.

“Kí ni kì í ṣe Àjàyí, ìyàwó Àjàyí?”

“Ẹni tó dá orin náà sílẹ̀. Èmi ni.” Ohùn wọn kò lọ sókè. Ojú wọn mọ́ kedere, n kò rí i kó mọ́ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. “Oyún Bánkọ́lé ló wà nínú mi. Èmi nìkan ń wa ọkọ̀ ẹja lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́, kùrukùru bo omi, n ò rí iwájú, n ò rí ẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí. Mo bá ń kọrin tẹ̀lé àjẹ̀, kí ọwọ́ mi má baà dúró. Ibi tí ẹ̀yin ń gbàgbé yẹn, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn èèyàn láti èbúté, tí mo yí ọkọ̀. Nígbà tí mo délé, mo ń kọ ọ́ nídìí ẹja tí mò ń yan. Àjàyí gbé àpótí, ó ní, ‘Tún un kọ.’ Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó lù ú fún yín, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Orin Àjàyí.”

Bàbá mi dúró bí òpó. “Ìyá mi, ẹ̀yin? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ ò sọ?”

“Ta ló bi mí?”

Mo ń wo àwọn àgbà mẹ́rin yẹn, tí Ìyá Àgbà ti ń gbé oúnjẹ síwájú wọn kí wọ́n tó bí bàbá mi, ojú wọn wà nílẹ̀. Bàbá Súnmọ́nù ló kọ́kọ́ ṣí fìlà. Wọ́n gbé agídìgbo kúrò lórí itan, wọ́n fi ìgúnpá ti ẹni tó jókòó tì wọ́n.

“Ẹ sún,” ni wọ́n wí. “Ẹ sún, kí ẹni tó ni orin ríbi jókòó.”

Wọ́n sún. Ìyá Àgbà wọ abẹ́ àtíbàbà, wọ́n jókòó sáàárín wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì gbọọrọ síwájú, wọ́n sì nawọ́ pè mí wọlé.

“Ó yá, Àbẹ̀ní,” ni wọ́n wí. “Mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sáré.”